Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ másítà l'Ékòó, kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó yẹ kí n ṣe

Ọmọ_Ìkàrẹ́ (Àìkú, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìkàrẹ́-Àkókó ni mo ti wá, Àkùngbá ni mo ti gba oyè àkọ́kọ́. Mo wá sí Èkó fún másítà nínú ìmọ̀ àyíká. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi la jọ ń gbé yàrá kan ní Bàrígà. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ mi, torí n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dà bí ẹ̀sùn.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, olùkọ́ á wọlé, á kọ́ wa, a ó gba nóòtù, a ó kà á, ìdánwò á dé. Mo máa ń mọ ibi tí iṣẹ́ mi parí sí. Níbí, kíláàsì ò pọ̀. Olùkọ́ á wá jíròrò, á dárúkọ àwọn àpilẹ̀kọ tó yẹ ká lọ kà, á sì máa lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì ló ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ti tú, kóówá á ti sáré wọ mọ́tò. Àwọn kan tiẹ̀ tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, n kò mọ ohun tí mo lè bá wọn sọ ju "ẹ káàsán, sà" lọ.

Mo lọ rí alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí mi. Mo ní omi ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n ní, "Lọ kàwé, kí o wá sọ àlàfo tí o rí fún mi." Láti ọjọ́ náà mo ti kọ ímeèlì sí wọn, wọn ò tíì fèsì. Àlàfo wo? Mo ń kàwé títí ojú fi ń ta mí, gbogbo ohun tí mo bá ronú kàn, ó ń jọ pé ẹnìkan ti ṣe é.

Àwọn ará ilé sì ń pè, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa parí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe máa ń rí fún gbogbo èèyàn nìyí, àbí èmi ni ọ̀rọ̀ ò yé?

Akọ̀wé_Marina (Àìkú, 9:05 alẹ́)

Àbúrò mi, o kú ìgbìyànjú. Ọ̀kan lára àwọn tó ń sáré wọ mọ́tò yẹn ni mo jẹ́. Ọ́fíìsì kan ní Marina ni mo ti máa ń bọ̀ wá sí kíláàsì, mo sì tún gbọ́dọ̀ padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Ẹni tó bá mọ bí afárá Third Mainland ṣe máa ń rí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ó lé ní kìlómítà mọ́kànlá, bí ọkọ̀ bá sì ti dúró lórí ẹ̀, orí omi lo wà, kò sí ibi tí o fẹ́ gbà yà. Ìdí tí a kì í fi dúró sọ̀rọ̀ nìyẹn, a ò kọ èèyàn.

Ohun tí mo máa gbà ọ́ níyànjú ni pé kí o má dúró de ìparí kíláàsì kí o tó bá wa sọ̀rọ̀. Wá ṣáájú. Púpọ̀ nínú wa máa ń tètè dé nítorí a ń bẹ̀rù gó-sìlóò, a ó sì jókòó sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni kí o wá béèrè. Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ń ba àwọn àgbà kíláàsì wa ju bó o ṣe rò lọ. Àwọn mọ ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n mọ bí a ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, wọ́n mọ ẹni tó mọ ẹni. Ìwọ mọ bí a ṣe ń wá àpilẹ̀kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó ran ara yín lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ìwáyà (Àìkú, 10:22 alẹ́)

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn o, Ọmọ_Ìkàrẹ́. Oyè ọ̀mọ̀wé ni èmi ń lé lọ́wọ́lọ́wọ́, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí ọ̀rọ̀ "àlàfo" yìí kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá. Jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí bó bá ti yé ọ, ìdajì ẹrù náà ti kúrò lórí rẹ.

Ohun tí a ń pè ní àlàfo kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí láyé. Bó bá jẹ́ ìyẹn lò ń wá, o ò ní rí i. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà níbòmíràn, wọn ò tíì ṣe é ládùúgbò tìrẹ. Ó lè jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ni wọ́n wò, wọn ò wo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó lè jẹ́ pé èsì àwọn méjì ta kora, tí kò sì tíì sẹ́ni tó sọ ìdí. Tàbí kó jẹ́ pé wọ́n wọn ohun tó wà nínú omi, ṣùgbọ́n wọn ò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń mu ún bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Bàrígà lo wà, o kò jìnnà sí ọ̀sà. Omi kànga àti omi bọ́họ̀lù ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò níbẹ̀. Ní etíkun báyìí, bí a bá ń fa omi dídùn láti abẹ́ ilẹ̀ ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, omi iyọ̀ á máa sún wọlé díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, bí kànga bá sún mọ́ ṣaláńgá tàbí sókà-wéè jù, kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́, irú E. coli, lè dé inú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn tí omi fi ń bàjẹ́. "Omi ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí" ti gbòòrò jù fún alábòójútó kankan láti fèsì sí. Ṣùgbọ́n bí o bá ní, "Ní òpópónà mélòó kan ní Bàrígà, ṣé bí kànga ṣe jìnnà sí sókà-wéè tó ló ń pinnu bí kòkòrò E. coli ṣe ń pọ̀ tó nínú rẹ̀, àbí bí kànga náà ṣe jìn wọlẹ̀ tó ni?", wàá rí i pé wọ́n á gbójú sókè.

Ní ti ìwé kíkà, má ka àpilẹ̀kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìwé ìtàn. Ka àkópọ̀ rẹ̀ tó wà lókè, wo àwọn tábìlì àti àwòrán, ka ìparí. Bó bá kàn ọ́, ìgbà náà ni kí o padà lọ ka ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ibi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ ohun tí agbára iṣẹ́ òun ò ká, má fò ó. Fúnra wọn ni wọ́n ń fi àlàfo hàn ọ́ níbẹ̀. Lórí Google Scholar, tẹ "Cited by" lábẹ́ àpilẹ̀kọ tó bá dára, wàá rí gbogbo àwọn tó tọ́ka sí i lẹ́yìn náà. Gba Zotero sórí kọ̀ǹpútà rẹ lónìí. Ọ̀fẹ́ ni, òun ni yóò máa to àwọn ìtọ́kasí rẹ fún ọ. Kí o wá ya tábìlì kan: ta ló ṣe é, níbo, ìgbà wo, ọ̀nà wo, kí ni wọn ò ṣe. Fi gbogbo ohun tí o bá kà sínú rẹ̀. Bí tábìlì náà bá ti gùn díẹ̀, ojú rẹ á rí ibi tó ṣófo.

Bí owó bá ń dènà àpilẹ̀kọ kan, béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì bóyá ilé ẹ̀kọ́ yín wà lórí Research4Life. Inú rẹ̀ ni Hinari wà, èyí tí àjọ ìlera àgbáyé dá sílẹ̀ ní 2002 kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè rí ìwé ìmọ̀ ìlera kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, kọ̀wé sí òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń fi ránṣẹ́.

Ọmọ_Ìkàrẹ́ (Àìkú, 10:51 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń ya tábìlì náà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìbéèrè kan ló kù: kí ni kí n ṣe nípa ímeèlì tí wọn ò fèsì sí? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà dà bí ẹni tó ń yọ àgbà lẹ́nu.

Olùkọ́_Sùúrùlérè (Ajé, 6:12 àárọ̀)

Mo kí gbogbo ilé. Mo ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí láti ẹ̀gbẹ́ tiwa.

Ọmọ mi, èèyàn kan lè máa bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́, ti másítà àti ti oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa kọ́ kíláàsì, kó máa jókòó nínú ìgbìmọ̀, kó sì máa kọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ímeèlì tó bá ní "ẹ káàárọ̀ sà, mo ń retí yín" á rì sísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ ojú ìwé kan péré, tó fi ìbéèrè rẹ̀ sí i, ibi tí yóò ti ṣe é, ọ̀nà tí yóò gbà, àti àpilẹ̀kọ mẹ́ta tó gbé e dúró, mo máa ń ka tirẹ̀ lórí ìdúró. Kọ ojú ìwé kan yẹn. Fi ránṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́ síta, mú un dání, lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka yín, kí o béèrè ọjọ́ àti àkókò tí alábòójútó rẹ máa ń wà ní ọ́fíìsì. Ímeèlì nìkan kì í tó lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá mú iṣẹ́ wá kò yọ àgbà lẹ́nu.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí ní ìlà díẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Yóò dáàbò bo ẹ̀yin méjèèjì. Èèyàn máa ń gbàgbé.

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n_Ìwáyà, àfi ibì kan. Kí ìbéèrè tó dùn létí, béèrè iye tí yóò ná ọ. Yàrá àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀fẹ́. Gbogbo ìgò omi tí o bá gbé lọ ni wọ́n máa gba owó lé lórí, owó yẹn á sì pọ̀ sí i bí ohun tí o fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò bá ṣe pọ̀ tó. Lọ béèrè iye rẹ̀ kí o tó kọ iye kànga sínú àbá ìwádìí rẹ. Kí o sì wo ojú ọjọ́. Ní Èkó, òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù keje, a ó ní ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, òjò kejì á tún dé ní oṣù kẹsàn-án àti kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀rùn á gba oṣù kọkànlá lọ sí oṣù kẹta. Bí o bá fẹ́ fi ìgbà méjèèjì wéra, tí oṣù kẹta sì kọjá lára rẹ láìgbọ́n omi kankan, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan kún másítà rẹ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí-Àràbà (Ajé, 1:30 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi kún un pé bí àbúrò wa bá máa wọ ilé onílé láti bi wọ́n léèrè nípa ìgbẹ́ gbuuru tàbí ìlera ọmọ wọn, ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ìlera ṣáájú. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ìyọ̀ǹda yẹn kì í jáde lọ́jọ́ kan, ìgbìmọ̀ lè dá ìwé padà kí o tún un ṣe, wọn kì í sì í fọwọ́ sí iṣẹ́ tí o ti ṣe tán. Nítorí náà, bí àbá rẹ bá ti gba ìbùkún alábòójútó, ìwé ìyọ̀ǹda ló kàn.

Ohun kejì. Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ pé ṣé ìwọ lọ̀rọ̀ ò yé, ó sì dùn mí. Tí oorun bá ń sá fún ọ lemọ́lemọ́, tí oúnjẹ ò wù ọ́, tí àyà rẹ ń já kí o tó ṣí ìwé, má fi pa mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ìlera ọpọlọ sì wà ní Yàbá níbẹ̀, ó ti wà láti 1907. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń fi orúkọ Yàbá bú ara wọn. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìlera mọ̀ pé àìróorunsùn, ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì wà lára ohun tí àwọn dókítà ibẹ̀ ń tọ́jú, ẹni tó bá sì tètè lọ ló máa ń tètè gbádùn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Adé_Ìkòròdú (Ajé, 4:47 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè tèmi bọ̀ ọ́. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n lè gbájú mọ́ ìwé. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Tẹ̀mi (Ajé, 9:33 alẹ́)

Adé, má fiṣẹ́ sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Ta ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́? Agége ni mo ń gbé, mo ní ọkọ, mo ní ọmọ, mo ń ṣiṣẹ́, mo sì wà ní ọdún kejì másítà mi. Àwọn ọmọ ò tíì jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ìgbà yẹn ni mo máa ń kàwé. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2024, ara tù mí. Mo máa ń fi káàdì Cowry tí a fi ń san owó ọkọ̀ wọ̀ ọ́ ní Agége, mo sọ̀ ní Yàbá, kò sí gó-sìlóò lórí irin. Àpilẹ̀kọ tí n kò lè kà nínú dáńfó láéláé, mo ń kà á níbẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ àkókò tó ń gbéra, torí kì í ya lemọ́lemọ́ bíi dáńfó.

Ohun tó le jù fún mi ni ìnáwó. Ọjọ́ Sátidé ni kíláàsì wa, ọjọ́ Sátidé náà sì ni gbogbo òde Èkó ń bọ́ sí. Aṣọ ẹbí tibí, aṣọ ẹbí tọ̀hún. Níbẹ̀rẹ̀ sáà, mo mú ìwé àkókò kíláàsì wa lọ bá ìyá ọkọ mi, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn pé fún sáà yìí, n kò ní lè máa yọjú. Àwọn fúnra wọn ló wá ń bá mi sọ fún àwọn ẹbí. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fi owó tèmi ránṣẹ́ sí onínàáwó, mo sì máa ń pè é láàárọ̀ Sátidé kí n tó wọlé kíláàsì. Kò sẹ́ni tó bínú sí mi.

Ọmọ_Ìkàrẹ́, bí àwọn ará ilé ṣe ń béèrè ìgbà tí o máa parí, wọn ò mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí ni. Ṣàlàyé ipele rẹ̀ fún wọn: kíláàsì àti ìdánwò, sẹ́mínà, àbá ìwádìí, kíkó dátà jọ, kíkọ iṣẹ́ náà, ìgbèjà níwájú olùyẹ̀wò tó ti òde wá. Bí wọ́n bá tún pè, wàá lè sọ ibi tí o dé. Ìyẹn á fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ju "kò ní pẹ́" lọ.

Akọ̀wé_Marina (Ajé, 10:02 alẹ́)

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá_Tẹ̀mi lórí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún Adé. Iṣẹ́ tí wọn ò ti ní jẹ́ kí o jáde lọ́jọ́ ìdánwò, iṣẹ́ yẹn àti másítà ò lè jọ gbé. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ báyìí, kọ ọ́ sílẹ̀, kó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, wá iṣẹ́ mìíràn kí o tó fi èyí sílẹ̀. Ní ti ìrànwọ́, ẹ máa wo ìkéde PTDF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ epo rọ̀bì, wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti ti oyè ọ̀mọ̀wé. Ti TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún. Ẹni tí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ níbẹ̀, kó má fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lé e.

Atẹ̀wé_Ṣómólú (Ìṣẹ́gun, 7:18 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣómólú níbí la ti ń tẹ̀wé, a sì máa ń di iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. N kò lọ yunifásítì, ṣùgbọ́n mo mọ ìparí iṣẹ́ yín dáadáa. Ẹ ṣàánú ara yín, ẹ má jẹ́ kó di alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Iná lè lọ, ẹ̀rọ lè dúró, èrò lè pọ̀.

Ẹ yí iṣẹ́ yín sí PDF kí ẹ tó gbé e wá. Ẹni tó bá fi àmì ohùn Yorùbá sínú iṣẹ́ rẹ̀, tó wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ńtì ẹ̀ yàtọ̀, àmì á fò kúrò lórí lẹ́tà, àwọn kan á di àpótí kékeré. PDF kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àyè tó pọ̀ sí apá òsì ojú ìwé, torí ibẹ̀ ni a ó gán. Ẹ béèrè àwọ̀ èèpo ìwé àti ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ́fíìsì yín kí ẹ tó débí. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibi méjì ó kéré tán, kó má jẹ́ inú fláàṣì nìkan ló wà.

Ọmọ_Ìkàrẹ́ (Ẹtì, 5:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo kọ ojú ìwé kan náà bí Bàbá ṣe sọ. Mo lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka, ó ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni alábòójútó mi máa ń gbàlejò akẹ́kọ̀ọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà láná. Wọ́n kà á níwájú mi. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ ìbéèrè náà, wọ́n ní kí n yọ bí kànga ṣe jìn wọlẹ̀ tó kúrò, kí n dúró lórí sókà-wéè nìkan, àti pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ti tó fún másítà. Mo ti kọ ohun tí a sọ, mo sì ti fi ránṣẹ́. Wọ́n dáhùn! Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: "Tẹ̀ síwájú."

Mo tún tètè dé kíláàsì lọ́jọ́rú, mo lọ jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí mo sọ pé n kò mọ ohun tí mo lè bá wọn sọ. Ilé iṣẹ́ tó ń rí sí omi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n máa mú mi lọ sí yàrá àyẹ̀wò kan kí n lè béèrè iye owó. Èmi náà máa fi Zotero sórí kọ̀ǹpútà wọn.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìkàwé kékeré ní Yàbá, ọ̀sán Sátidé lẹ́yìn kíláàsì. Àpilẹ̀kọ kan lọ́sẹ̀, ẹnìkan á ṣàlàyé rẹ̀, àwọn yòókù á béèrè. Ta ló fẹ́ wá?

Ìyá_Tẹ̀mi (Ẹtì, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

Èmi máa wá. Kí a parí kí ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ tó gbéra ṣá.

Adé_Ìkòròdú (Ẹtì, 6:41 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ fi mí sí i. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, wọ́n gbà kí n máa jáde lọ́jọ́ ìdánwò, mo sì ti gbà á ní kíkọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àpilẹ̀kọ ti ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ̀gbọ́n_Ìwáyà (Ẹtì, 7:03 alẹ́)

Mo máa gba ti àkọ́kọ́. Ọmọ_Ìkàrẹ́, mú àpilẹ̀kọ kan nínú tábìlì rẹ, èyí tó le jù fún ọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní.